Ìdí Tí Àparò Fi Ń Wọ Aṣọ Pípọ́n, Tí Kò sì Ní Oko Tirẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹyẹ ṣì ń dá oko tiwọn, Àparò ní oko ọkà bàbà kan lẹ́yìn òkè. Oko náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ebè rẹ̀ tọ́. Àparò ló ń kọ ebè náà. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ló ń gbin ọkà sí i.

Ní àkókò yẹn, àparò kò ní àwọ̀ kankan. Wọn kò dúdú, wọn kò pupa, wọn kò sì funfun. Bí omi tí ènìyàn fi ṣan ọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n rí. Ẹyẹ tó bá fẹ́ àwọ̀, ńṣe ni yóò lọ rà á.

Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti ń tà á. Ìyá Agbe ló ni ìkòkò aró. Àlùkò ló ń lọ osùn. Lékeléke ló ń ta ẹfun, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí bí ó bá sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ á fẹ́ ẹfun náà lọ.

Ní ìparí ìkórè kọ̀ọ̀kan, Àparò á bu igbá ọkà kan, á gbé e lọ fún Ìyá Agbe. Ìyá Agbe á rẹ ẹ́ sínú aró láti ọrùn títí dé ìrù. Ìrù Àparò gùn nígbà náà. Bí ó bá ń rìn, ìrù náà á máa gbálẹ̀ tẹ̀lé e, débi pé Àwẹ̀ró kì í gbá àgbàlá mọ́.

Bí òjò bá dé, á fọ aró náà kúrò. Kò sí ẹni tí èyí dùn. Ọkà pọ̀, aró sì wà lódò.

Ní ọdún kan, òjò kò rọ̀ dáadáa. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, kò rọ̀ rárá.

Koríko gbẹ kúrò lórí ilẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ igi kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni ti òkè. Ọ̀pọ̀lọ́ wá tọrọ omi ní ilé Àparò. Wọ́n bu ìdajì ìgbákọ fún un, ó sì dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú gbogbo ọkà tó wà nínú àká Àparò, ìkòkò kan ṣoṣo ló kù. Inú ọ̀dá yìí gan-an ni ẹyin Àwẹ̀ró sì pa. Àwọn ọmọ náà kò dúró de òjò.

Àwẹ̀ró mú ewé fífẹ̀ kan, ó da ọkà jáde, ó dá apá kan padà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó fi ewé náà bò ó, ó sì da ìyókù sórí ewé.

Ó ní, "Èyí tó wà lókè ewé ni jíjẹ. Èyí tó wà lábẹ́ ewé ni irúgbìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí ìsàlẹ̀ ewé yìí títí òjò yóò fi dé."

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ ọkà ní ilé náà. Àwẹ̀ró á kó àwọn ọmọ lọ sínú oko tó ti gbẹ, wọn á tan ilẹ̀, wọn á máa ṣa ikán jẹ. Omi mímu ni omi tó wà, nítorí náà wọn kò fi wẹ̀ mọ́. Wọ́n ń yí nínú erùpẹ̀ gbígbẹ, wọ́n sì ń gbọn ara. Kòkòrò tó wà lára wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń bọ́ sílẹ̀.

Erùpẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lára wọn. Díẹ̀díẹ̀, Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ rẹ̀ di pípọ́n bí ọ̀nà oko.

Àdàbà, aládùúgbò wọn, kọjá ní ọjọ́ kan. Ó dúró, ó sì wo ilẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, àṣé ìwọ ni. Mo rò pé ebè ni mo ń wò."

Àwẹ̀ró ní, "Ebè náà ń kí yín o. Ilé ńkọ́?"

Àdàbà ní ilé wà. Ó lọ sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé ìyàwó Àparò ti di ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Àparò, kò sì dùn mọ́ ọn. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tí Ológoṣẹ́ fi wá jíṣẹ́ láti ilé dé ilé. Ó ní àwọn ẹyẹ fẹ́ ṣe ìpàdé lábẹ́ igi àràbà, lórí ọ̀rọ̀ ìyàn tó wà nílùú. Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá.

Àparò ni olórí ìdílé àparò. Ó wo apá rẹ̀ ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó sì yí orí wo ìrù rẹ̀. Aró ọdún tó kọjá ti ṣí. Ibì kan jọ aró, ibì kan jọ omi ìṣanwọ́.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, mo fẹ́ bu ọkà díẹ̀."

Àwẹ̀ró ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ra aró ni. Èmi ni n ó sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìdílé wa. Mi ò lè dúró láàárín àwọn ẹyẹ báyìí."

"Olówó orí mi, ìpàdé ìyàn mà ni. Bí ẹ bá lọ báyìí, wọ́n á kàn mọ̀ pé ìyàn mú yín ni."

"Ohun tí mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ gan-an nìyẹn."

Àwẹ̀ró wo àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ òkúta kékeré kan, ó ń tu ú jáde, ó sì tún ń gbé e mì.

Ó ní, "Ohun tó wà lókè ewé yẹn ni ẹ̀mí àwọn ọmọ yìí. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni oko yín."

Àparò ní, "Díẹ̀ ni mo sọ. Ṣé mo ní n ó gbé ìkòkò lọ ni?"

Àwẹ̀ró kò lè di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó kó àwọn ọmọ, ó lọ tan ilẹ̀.

Àparò bu igbá ọkà kan, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Agbe. Ìyá Agbe wo inú igbá náà fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Àparò ọmọ mi, igbá kan kò gbé e mọ́. Ẹ̀bá odò ni mo wà tẹ́lẹ̀. Èmi kò kúrò níbí o, odò ló kó lọ. Ẹni tó ń bá mi pọn omi ń jẹun kí ó tó lọ, ó sì tún ń jẹun bí ó bá dé. Agbọ̀n kan ni mo ń gbà báyìí."

Àparò padà sílé. Ó bu agbọ̀n kan. Ìyá Agbe rẹ ẹ́ láti ọrùn dé ìrù, aró náà sì mú un dáadáa. Ó ń dán.

Bí ó ti ń lọ, Àlùkò pè é. Àlùkò mọ ọjà tà.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Àparò, aró yẹn dára. Ṣùgbọ́n ó dá wà jù. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ ní ìpàdé, Agbe ni yóò rò pé òun ń wò."

Àparò kò fẹ́ kí wọ́n rò pé Agbe ni òun. Ó padà sílé, ó tún bu ọkà. Ní àkókò yìí ni ọwọ́ rẹ̀ kan ewé. Ó wo ewé náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé irúgbìn tí òjò kò tíì rọ̀ fún, kò tíì di irúgbìn. Ó gbé ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bù ú.

Àlùkò fi osùn kun ìpàkọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú Lékeléke, Lékeléke kò sọ nǹkan kan. Ó kàn na ẹnu gígùn rẹ̀ sí òkè ojú Àparò, ó sì mi orí.

Àparò ní, "Kí ló ṣe ojú mi?"

Lékeléke yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹfun má baà fò. Ó ní, "Kò hàn."

Àparò padà sílé. Ó da ohun tó kù sínú igbá, ó gbọn ìdí ìkòkò, ó tẹ́ ewé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó sì dé e. Lékeléke fa ìlà ẹfun kan sí òkè ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó fa ọ̀kan sí ti òsì.

Ìpàdé náà lárinrin. Gbogbo ẹyẹ ló dúró dáadáa. Awó ti kán ẹfun sí ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, Àkùkọ sì ti kun gbogbo ibi tó ṣeé kùn. Kò sí ẹni tó jọ ẹni tí ìyàn mú, nítorí náà ó kọ́kọ́ ṣòro fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò. Wọ́n ní ìgbà le, kí oníkálùkù ṣọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ná ìnákúnàá títí òjò yóò fi dé. Àparò dìde, ó sọ̀rọ̀ lórí kókó yìí pẹ́ títí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn ìpàdé, Àdàbà wá bi í léèrè ẹni tó bá a kun òkè ojú.

Nígbà tí Àparò dé ilé, Àwẹ̀ró jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú ìpàdé o. Kí ni wọ́n sọ?"

Àparò ní, "Wọ́n ní kí á má ṣe ná ìnákúnàá."

Àwẹ̀ró ní, "Ọ̀rọ̀ gidi ni."

Ó ṣí ìkòkò, ó mú ewé jáde, ó sì gbọ̀n ọ́n. Nǹkan kan kò bọ́ sílẹ̀. Ó fi ewé náà fún ọmọ tó ń jẹ òkúta, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ikán díẹ̀ wà nínú ilé bí ẹ bá fẹ́ jẹun." Àparò ní òun ti jẹun níbi ìpàdé. Kò sí oúnjẹ níbi ìpàdé.

Ní ọjọ́ kejì, ebi mú Àparò tẹ̀lé wọn lọ sínú oko. Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ ń tan ilẹ̀ ní kòtò ebè. Àparò kò fẹ́ kí erùpẹ̀ kan aró rẹ̀, nítorí náà ó gorí ebè tó ga jù lọ, ó dúró síbẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n ju ikán sí i lókè.

Koríko kankan kò sí nínú oko. Láti òfúrufú, ilẹ̀ gbogbo jẹ́ àwọ̀ kan náà, àfi ohun kan tó ń dán bí aṣọ tuntun tí wọ́n sá sórí àpáta.

Àṣá rí i.

Àwẹ̀ró rí òjìji rẹ̀ lórí ilẹ̀ kí ó tó rí òun fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dùbúlẹ̀." Àwọn ọmọ dùbúlẹ̀, wọn kò sì mira. Kò sí ohun tó fi wọ́n hàn yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Àparò wo ìsàlẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ wà. Bí Àṣá bá já lé òun níbẹ̀, àwọn ni yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ni yóò sì kó lẹ́yìn òun. Ó sáré kúrò lórí ebè náà, ó ń lọ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Eré rẹ̀ kò dára púpọ̀, ìrù ń fà á.

Àṣá já, ó sì fi èékánná gbá ìrù náà mú.

Àṣá ní, "Dúró ná. Mi ò tíì jẹ irú èyí rí."

Àparò ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé bí wọ́n bá rí àgbàlagbà, ibi yòówù kí ó jẹ́, ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ á kí i. Àṣá jẹ́ àgbàlagbà. Ọmọ tó kéré jù gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, kò ṣeé ṣe.

Ó ní, "Ẹ káàsán, bàbá."

Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ lé e lórí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Àṣá kì í ṣe ẹni rere, àmọ́ ilé tí wọ́n ti tọ́ òun náà dára. Wọn kì í kí àgbà kí àgbà má dáhùn.

Ó ní, "Káàsán o. Ṣé àlàáfíà ni?" Ó sì yí padà láti wo ẹni tó kí òun.

Bí ó ti yí, Àparò fi gbogbo agbára rẹ̀ fà. Ìrù gígùn náà já mọ́ Àṣá lẹ́sẹ̀. Àparò ṣubú sínú kòtò ebè, ó yí gbiri nínú erùpẹ̀, ó tún yí, aró tútù náà sì fa erùpẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tó bọ́ sí ilẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró.

Àṣá rí ìrù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò rí ẹni tó ni ìrù. Kò sì rí ẹni tó kí i. Ilẹ̀ nìkan ló rí, ilẹ̀ pípọ́n, láti ibí dé òkè.

Ó ní, "Ta ló kí mi?"

Àwẹ̀ró tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ orí ọmọ náà.

Àṣá tún wo ilẹ̀ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé èkejì, bí ẹni tó dúró sórí ara ẹlòmíràn tí kò mọ̀. Ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ilẹ̀ tó ń kí ènìyàn, kò yẹ kí ènìyàn pẹ́ lórí rẹ̀." Ó gbé ìrù náà, ó fò lọ. Títí di òní, bí Àṣá bá já sílẹ̀, kì í jókòó.

Wọ́n dùbúlẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó lọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kékeré náà ní, "Bàbá, mo kí wọn."

Àparò ní, "Mo gbọ́. O kú ẹ̀kọ́."

Àwẹ̀ró tan ilẹ̀, ó rí ikán, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Àparò jẹ ẹ́. Erùpẹ̀ wà lára rẹ̀, ó jẹ òun náà. Láti ìgbà náà, ó ń bá wọn tan ilẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, gbogbo àwọn ọmọ náà sì yè títí òjò fi dé.

Òjò rọ̀ gan-an nígbà tó rọ̀. Ilẹ̀ rọ̀, oníkálùkù sì gbé irúgbìn jáde. Àparò kọ ebè tuntun, ebè rẹ̀ tọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Kò ní ohun tí yóò gbìn sí i.

Ó lọ sí ilé Àdàbà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní irúgbìn díẹ̀. Kò sí nǹkan nílé wa."

Àdàbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ tó wọ aró, osùn àti ẹfun lójú kan náà, tó sì sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá? Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre."

Àparò ní òótọ́ ni òun ń sọ. Àdàbà ní òun mọ̀ pé ó fẹ́ràn àwàdà. Àparò lọ sí ilé Awó, ó lọ sí ilé Àkùkọ. Gbogbo wọn ló rántí bí ó ti dúró dáadáa tó ní ìpàdé. Kò sí ẹni tó gbà pé ebi lè máa pa irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá, koríko gba gbogbo ebè rẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ kò mọ̀ pé oko ni mọ́.

Àwẹ̀ró ní, "Àwọn ọmọ ènìyàn ń gbin ọkà ní ìsàlẹ̀ òkè. Ọkà díẹ̀ máa ń bọ́ sí òkè ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n lọ ní àárọ̀, kí oníoko tó dé. Wọ́n rí èyí tó bọ́ sí òkè ilẹ̀, wọ́n ṣà á. Nígbà tó tán, wọ́n hú èyí tó wà nísàlẹ̀. Oníoko dé, ó sì sọ òkò. Wọ́n dùbúlẹ̀. Oníoko wo ilẹ̀ títí, ó ní àbí ojú òun ni.

Ọdún kan tún yí po. Ìyá Agbe rí Àparò lẹ́bàá ọ̀nà, ó pè é.

Ó ní, "Àparò ọmọ mi, odò ti padà wá o. Igbá kan náà ni mo tún ń gbà."

Igbá ọkà kan kò wọ́n Àparò ní ọjọ́ náà, nítorí oko oníoko dára. Ó dúró, ó sì wo inú pápá, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Kò rí wọn. Ó mọ ibi tó fi wọ́n sí gan-an, ó tún wò, kò rí wọn síbẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni.

Ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá Agbe. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ó rìn dé àárín pápá, ó sì dùbúlẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti ń mí.

Láti ọjọ́ náà ni àparò ti ń wọ aṣọ pípọ́n, tí ó sì ń fi erùpẹ̀ wẹ̀. Ìrù rẹ̀ kò hù ju bí ẹ ti ń rí i yìí lọ. Osùn díẹ̀ ṣì wà ní ìpàkọ́ rẹ̀, ìlà ẹfun kan sì wà lókè ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí erùpẹ̀ kò dé ibẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dá náà ni kò ti ní oko, tó fi jẹ́ pé orí ebè ẹlòmíràn ni ẹ ó ti máa bá a, tí wọn á máa sọ ọ́ lókò.

Àparò kan kò sì ga ju àparò kan lọ mọ́, àfi èyí tó bá gorí ebè. Èyí tó bá gorí ebè, Àṣá ń wò ó.